A Kì í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ, Ṣùgbọ́n Èéyi Ń Kà Wọ́n

Nínú ẹ̀dà tó kọjá mo ṣèlérí pé oúnjẹ ọdún ìjẹṣu ni n ó kọ̀wé lé lórí. Ẹ forí jì mí, ìyẹn ṣì ń bọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni mo fẹ́ sọ, torí ó kan gbogbo ilé tó ní ọmọ kékeré.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìtàdógún wa ni. A ti gbálẹ̀, obì ti wà nínú omi, àwọn èèyàn ti ń wọlé. Ọmọ ọmọ mi ọkùnrin, tó ń lọ sí ọdún mẹ́ta, ti ń wúkọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, ojú rẹ̀ pọ́n, imú rẹ̀ ń ṣàn. Ọ̀fìnkìn ẹ̀ẹ̀rùn la pè é. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ láti wẹ̀ ẹ́ ló rí i pé nǹkan wẹ́wẹ́ pupa ti sú láti ẹ̀yìn etí dé ọrùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé àyà àti ẹ̀yìn.

Èéyi ni, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní measles. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ọdún 19 ni mo fi ṣiṣẹ́ ìkọ̀wé ní ibùdó ìlera kan kí n tó fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo máa ń fa ìlà sínú ìwé bí nọ́ọ̀sì bá ṣe ń fún ọmọ lábẹ́rẹ́, ìlà mẹ́rin, ká fi ìkarùn-ún dábùú wọn. Ọmọ ẹlòmíràn tí mo fa ìlà fún ò lóǹkà. Ọmọ inú ilé mi ni èéyi wá mú.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ní ká má dárúkọ ẹ̀. Ó ní ká sọ pé ara ọmọ kò dá, ká fi ẹmu wẹ̀ ẹ́, ká má fún un lẹ́ran tàbí ẹyin, ká sì pa ilẹ̀kùn dé. Mi ò bá àgbà jiyàn níwájú èrò. Mo wọ yàrá lọ, mo ń wá káàdì.

Inú báàgì kẹta ni mo ti rí i, lábẹ́ aṣọ, nínú ọ̀rá kan náà pẹ̀lú ìwé tí bàbá onífá kọ àkọsẹ̀jayé ọmọ náà sí. Ìwé àkọsẹ̀jayé pé pérépéré, ojú ewé mẹ́rin, kò sí èèwọ̀ kan níbẹ̀ tí a kò mọ̀ lórí. Káàdì abẹ́rẹ́ ni kò pé. Ti ọjọ́ ìbí wà níbẹ̀, ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ti mẹ́wàá, ti mẹ́rìnlá. Ti oṣù mẹ́sàn-án náà wà, èéyi àkọ́kọ́ àti ibà pọ́njú. Níbi tí wọ́n ti kọ oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òfìfo.

Mo pe ìyá ọmọ náà. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Màmá, mo gbé e lọ o. Ọmọ mẹ́ta péré la jẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Nọ́ọ̀sì ní àwọn ò lè torí ọmọ mẹ́ta ṣí ìgò, ká padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni ọjà bọ́ sí.” Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kó kúrò nílé tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, káàdì wọ báàgì, ọ̀rọ̀ tán.

Mi ò lè bá a wí. Mo mọ ọ̀rọ̀ ìgò yẹn dáadáa. Abẹ́rẹ́ èéyi tí wọ́n ń lò lọ́dọ̀ wa, ẹ̀tù ni nínú ìgò, ọmọ mẹ́wàá ni ìgò kan ń tó. Bí wọ́n bá ti pò ó, láàárín wákàtí mẹ́fà, èyí tó bá ṣẹ́ kù ti di dídànù. Nọ́ọ̀sì ló máa jíhìn èyí tó bá ṣòfò. Òótọ́ ni pé ìmọ̀ràn àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ni pé kí wọ́n ṣí ìgò kódà bó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ló wá. Ṣùgbọ́n èèyàn tó ń bẹ̀rù ìbéèrè ọ̀gá á ní kí ìyá padà wá lọ́la. Ó ṣojú mi rí, lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n dá ìyá ọmọ padà. Mo jókòó ti tábìlì mi, mi ò sọ nǹkan kan. Ẹni tí wọ́n dá padà kì í wọ ìwé. Ìlà tí mo ń fà, ti ẹni tó gbà nìkan ni.

Àwọn ìyá máa ń bi mí pé kí ló dé tí abẹ́rẹ́ kan kò fi tó. Ní oṣù mẹ́sàn-án, ààbò tí ìyá fi sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ kò tíì tán pátápátá lára àwọn ọmọ kan, ara àwọn míràn ò sì tíì gbó tó láti kọ́ ìjà. Nínú ọmọ 100 tó gbà á lọ́jọ́ orí yẹn, nǹkan bí 85 ló ń mú lára wọn. Èkejì, ní oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ló ń gbá àwọn tó kù mọ́ra. Ọdún 2019 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi èkejì yìí kún abẹ́rẹ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ní Nàìjíríà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àgbà fi rò pé oṣù kẹsàn-án ló parí.

Ẹ jẹ́ ká fi ìlú kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ, ìlú tí wọ́n ti ń bí ọmọ 100 lọ́dún. Ká ní 60 nínú wọn gba ti oṣù kẹsàn-án, tí ẹnikẹ́ni ò sì gba èkejì. Nínú 60 yẹn, yóò mú lára 51. Ọmọ 49 ló kù síta. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 49 míràn. Ọdún kẹta, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 150, wọ́n kóra jọ bí koríko gbígbẹ ní ẹ̀gbẹ́ oko, iná ò sì tíì dé. Láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, àwọn ará ìlú á máa sọ pé èéyi ti tán nílẹ̀ yìí. Ọmọ kan ṣoṣo á wá ti ìrìn àjò dé pẹ̀lú ikọ́.

Kò sí àrùn tó ń yára ràn tó o. Ọmọ kan tó ní i lè kó o ran èèyàn 12 sí 18 bí gbogbo wọn bá wà láìní ààbò. Bó bá kúrò nínú yàrá, kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fún wákàtí méjì. Ọjọ́ mẹ́rin kó tó sú síta ló ti ń ràn, títí di ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn tó sú. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ilé wa: gbogbo ọjọ́ tí à ń pè é ní ọ̀fìnkìn, tó ń sáré káàkiri àgbàlá, tí àwọn ọmọ aládùúgbò ń bá a ṣeré, ó ti ń fún wọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sọ pé ó gbọ́dọ̀ tó ọmọ 95 nínú 100 tó gba méjèèjì kí èéyi tó rí ìlú kan wọ̀ tì. 80 ò tó, bó tilẹ̀ dùn ún gbọ́.

Ṣé a dé 95 ní Nàìjíríà? A ò sún mọ́ ọn. Láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, àwọn kan máa ń lọ láti ojúlé dé ojúlé káàkiri orílẹ̀-èdè, wọ́n á ní kí ìyá mú káàdì wá, bí kò bá sí káàdì wọ́n á bi í léèrè. Wọ́n máa ń wo àwọn ọmọ tó wà láàárín oṣù 12 sí 23, wọ́n á wo mélòó ló ti gba gbogbo abẹ́rẹ́ ìpìlẹ̀. Ní 1990, 30 ni wọ́n rí nínú 100. Ní 1999, ó ti wálẹ̀ sí 17. Ní 2003, 13! Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn: 23 ní 2008, 25 ní 2013, 31 ní 2018, 39 nínú èyí tí wọ́n ṣe ní 2023 sí 2024. Bó bá jẹ́ ti èéyi nìkan, 36 ni ní 2003, 41 ní 2008, 42 ní 2013, 54 ní 2018.

Ẹ wo bó ṣe ṣubú láàárín 1990 sí 2003. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti di mínísítà ètò ìlera ní 1985, òun ló gbé ìlera wá sí ẹnu ọ̀nà àwọn mẹ̀kúnnù. Lẹ́yìn tó kúrò, owó gbẹ, fíríìjì bàjẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí nígbà yẹn tí kò gbà á, ó ti di bàbá tàbí ìyá ọmọ báyìí, òun náà ló sì máa pinnu bóyá ọmọ tirẹ̀ á gbà á.

Ẹ máa gbọ́ nọ́ńbà míràn lórí rédíò tó ga ju èyí lọ. Ní 1990 kan náà, ohun tí wọ́n ń gbé kiri ni pé a ti kọjá 80. Ìṣirò méjèèjì kò ka ohun kan náà gan-an, ṣùgbọ́n èmi tí mo fa ìlà mọ ibi tí àlàfo ti ń wọlé. Inú ìwé wa ni wọ́n ti ń kó iye abẹ́rẹ́ tí a fún, wọ́n á fi wéra pẹ̀lú iye ọmọ tí wọ́n fojú bù pé ó wà ní agbègbè náà. Orí ètò ìkànìyàn 2006 ni wọ́n ṣì ń fi bu iye ọmọ. Bí ìlú bá ti fẹ̀ ju bó ṣe wà lọ́dún náà, ọmọ pọ̀ ju èyí tí ìwé mọ̀ lọ, ìṣirò á gòkè lásán. Mo ti rí oṣù tí agbègbè wa gba 112 nínú 100. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa ní ìpàdé. Ta ni méjìlá tó lé yẹn?

Ohun míràn tí àpapọ̀ nọ́ńbà máa ń fi pa mọ́ ni ojú kan tó ṣófo. Àwọn tó ní ọmọ ní Amẹ́ríkà á rántí ti ìpínlẹ̀ Texas ní 2025. Bí ẹ bá pọ gbogbo Amẹ́ríkà pọ̀, ọmọ bíi 92 nínú 100 tó ń wọ ilé ìwé ló ti gba méjèèjì, orílẹ̀-èdè tó sì ti kéde láti ọdún 2000 pé èéyi kò gbé lọ́dọ̀ àwọn mọ́ ni. Ṣùgbọ́n àgbègbè kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí kò gbà á fún ọmọ wọn. Ibẹ̀ ni iná ti ràn. Èèyàn 762 ló mú ní ìpínlẹ̀ náà kó tó rọlẹ̀, ọmọ méjì kú. Ilé wa pẹ̀lú lè jẹ́ ojú kan tó ṣófo nínú ìlú tó ní 90.

Káàdì tí mo bá nínú ọ̀rá yẹn, ibi tó ti ṣẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ará Ìmẹ̀sí-Ilé ni ìyá mi. Ní ọdún 1950s, dókítà òyìnbó kan, David Morley, wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì dá ibi ìtọ́jú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó ń wọn ọmọ lóṣooṣù, ó ń fi àmì sórí páálí kan tí ọ̀nà wà lára rẹ̀, tí ìlà náà gbọ́dọ̀ máa gòkè. Dípò kí ilé ìwòsàn tọ́jú páálí yẹn, ọwọ́ ìyá ló fi í sí. Àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé ìyá tí kò mọ̀wé á sọ ọ́ nù. Àwọn ìyá wa kò sọ ọ́ nù, wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n so ó mọ́ òrùlé. Àti ibẹ̀ ni páálí ìwọ̀n ọmọ ti tàn ká ayé.

Orí páálí wọ̀nyẹn ni Morley ti rí ohun tí àwọn ìyá ti mọ̀ tipẹ́. Ìlà ọmọ á máa gòkè, gòkè, yóò dédé já bọ́. Bó bá bi ìyá, wọ́n á ní èéyi ni. Òmíràn kì í gòkè padà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn, àrùn kékeré tí gbogbo ọmọ ń ṣe ni wọ́n ka èéyi sí. Morley kọ̀wé sí wọn pé ní ibi tí òun wà, ó ń pa ọmọ. Nígbà tí John Enders àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Boston ṣe abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ọ̀kan nínú wọn, Samuel Katz, wá sí agbègbè Iléṣà láti wò ó pẹ̀lú Morley. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1962. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i fún àwọn ọmọ tiwọn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ohun àjèjì ni abẹ́rẹ́ yìí, ẹ sọ fún un pé àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á.

Mo padà sí ọ̀rọ̀ àgbà tó ní ká pa ilẹ̀kùn dé. Mo mọ ibi tí ìyẹn ti wá. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi òfin de ìbọ Ṣànpọ̀nná, wọ́n ní àwọn olórìṣà ló ń tan ìgbóná kálẹ̀. Bí ara ọmọ bá gbóná ní ilé olórìṣà, wọ́n lè wá fi ọlọ́pàá mú baálé. Ilé tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí, ó kọ́ láti dákẹ́. Àrùn tí wọ́n torí rẹ̀ ṣòfin ti kúrò láyé, 1970 ni a rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, 1980 ni WHO kéde pé ó tán níbi gbogbo. Ọbalúayé ṣì wà níbi tó wà, à ń bọ ọ́. Ìdákẹ́ yẹn nìkan ni mi ò rídìí tí a fi mú un dání.

Bí wọ́n sì ṣe lé àrùn yẹn lọ, wíwá ẹni tó ń ṣe é kiri wà lára rẹ̀. Ní òpin 1966, ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà, abẹ́rẹ́ kò tó lọ́wọ́ dókítà William Foege. Kò lè fún gbogbo èèyàn. Ó ní kí wọ́n wá ilé tí àrùn wà, kí wọ́n fún àwọn tó yí i ká lábẹ́rẹ́. Ó ṣiṣẹ́. Ilé tó bá pa ilẹ̀kùn dé ló lè ba irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ jẹ́.

Ọjọ́ kejì la gbé ọmọ lọ. Nọ́ọ̀sì fún un ní fítámì A lójú ẹsẹ̀, ó ní ká mú un wá lọ́la fún ẹ̀ẹ̀kejì, torí èéyi lè gba ojú ọmọ tí fítámì yìí kò bá tó lára rẹ̀. Ó ní ká fún un ní ẹyin, ẹja, omi, gbogbo ohun tó bá lè jẹ. Kò bá ẹmu wa jà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń ṣọ́ àrùn wá gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ó kọ ọjọ́ tó sú, ọjọ́ orí rẹ̀, àti iye abẹ́rẹ́ èéyi tó ti gbà. “Ẹyọ kan,” ni mo wí. Ó ṣàlàyé pé bó bá ti di mẹ́ta tó dájú láàárín oṣù kan ní agbègbè kan, wọ́n á kà á sí pé ó ti bẹ́ sílẹ̀, wọ́n á sì wá. Kò sí ẹni tó mẹ́nu ba òrìṣà. Kò sí ẹni tó mú baálé.

Ọmọ wa yè. Etí rẹ̀ ọ̀tún ṣọyún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo ṣì máa ń pè é láti ẹ̀yìn kí n fi mọ̀ bóyá ó ń gbọ́. Àwọn onímọ̀ ní èéyi máa ń pa ìrántí ara rẹ́, pé ọmọ lè gbàgbé bí a ṣe ń bá àwọn àrùn tó ti ṣẹ́gun tẹ́lẹ̀ jà. Òótọ́ ni, láti ìgbà náà, ikọ́ kékeré á dá a gúnlẹ̀.

Ti aládùúgbò wa ló wúwo jù. Ọmọ oṣù méje ni tirẹ̀, obìnrin, kò tíì tó gba abẹ́rẹ́ kankan fún èéyi. Àgbàlá wa ló ti kó o. Ó bọ́ sí i láyà, wọ́n gba wọ́n sílé ìwòsàn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó yè. Ìyá rẹ̀ ṣì ń kí mi, “Ẹ káàárọ̀ mà,” ṣùgbọ́n kì í gbé ọmọ náà wá sí iwájú ilé wa mọ́.

Ní ìtàdógún tó tẹ̀ lé e, mo ní kí gbogbo ìyàwó ilé mú káàdì wá. Àgbà kan ní, “A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a ò ní ka iye. Orúkọ la kọ sínú ìwé kan, orúkọ kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ oṣù mẹ́sàn-án rẹ̀ àti ọjọ́ oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀. Ẹgbẹ́ ìwé àkọsẹ̀jayé la gbé e sí, ọ̀rá kan náà. Láti òpin 2025, MR ni àwọn kan á rí lórí káàdì wọn, ẹ má bẹ̀rù, abẹ́rẹ́ èéyi náà ni, wọ́n fi ti rùbẹ́là kún un. Ọmọ tó ti ṣe èéyi ṣì ń gba tirẹ̀. A rí ọmọ mẹ́rin tí èkejì wọn ṣófo, mẹ́ta ti gbà á báyìí. Èyí tó kù wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní oko, a ti ránṣẹ́.

Ọmọ aládùúgbò wa pé oṣù mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo wà lójú fèrèsé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nígbà tí ìyá rẹ̀ pọ̀n ọ́n jáde, káàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wọ bàtà mi, mo tẹ̀ lé e, kí wọ́n má baà dá a padà.